Ọrùn Ọwọ́

Ọrùn ni àwọn àgbà pè é, ẹ ò rí i?
Ọwọ́ ní ọrùn tó fi ń tẹríba,
tó fi ń gbójú sókè,
tó fi ń yẹ apá àtàǹpàkò wò, tó ń yẹ apá ọmọńdinrín wò
bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì ní Lágéré.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ń jà ní Ifẹ̀.
Mo jókòó ti tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
mo ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ náà,
torí irin ọwọ́ mi kì í fẹ́ kí nǹkan mì:
irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọ̀kan a dúró, ọ̀kan a tẹ̀ lé ọwọ́,
nọ́ńbà kéékèèké tò yí i ká bí èèrà.

"Ẹ gbé apá lé tábìlì. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yọ sétí.
Ẹ má fi èjìká ràn án lọ́wọ́ o.
Ṣé ẹ ti ṣubú lé e rí?"
Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fún un ní mínírà kan, ó lọ.
Àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá ni mo ń wá,
ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún,
ọwọ́ tí ayé kò tíì rọ́.

Mojíròlá tó ń dirun fáwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì
tẹ ọwọ́ sísàlẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.
Gbọ́láwọlé gbé tirẹ̀ sókè: méjìlélọ́gọ́ta.
Ó ní kí n tún un wọ̀n, ó dá a lójú pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo tún un wọ̀n. Méjìlélọ́gọ́ta.
Fásọyìn kò sọ̀rọ̀ rárá, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀
bí ẹni ń wo àlejò tó ti ń sùn nílé rẹ̀ tipẹ́.

Ìka ò dọ́gba, gbogbo wa la mọ̀.
Ọ̀tún àti òsì ẹnì kan ṣoṣo gan-an ò bára mu.

Bàbá mi, onígbàjámọ̀ ni wọ́n ní Ìlódè.
Ọ̀kadà gbé wọn ṣubú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.
Nígbà tí wọ́n gé ẹfun líle yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn,
ẹnì kan ṣíwèé, ó wo bàbá, ó wo ìwé:
"Ó ku nǹkan bí ogójì kí ọwọ́ yín tó pé."
Bàbá ní, "Pé bíi ti ta?"
Ó tún ìwé náà ṣí. Kò sí orúkọ ẹnì kankan níbẹ̀.
Àwọn kan ni, nílùú òtútù kan,
tí wọ́n gbé ọwọ́ lé tábìlì tiwọn kí wọ́n tó bí mi.
Mi ò bá wọn jà. Ọwọ́ ni ọwọ́ ń jẹ́.
Àmọ́ ṣé wọ́n ti fún aṣọ òfì tó rin gbindin rí?
Ṣé wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó rí,
tí gbogbo ara sinmi lé ọrùn ọwọ́ méjèèjì,
tí ẹnikẹ́ni ò tètè ní kí wọ́n dìde?
Bóyá kò yàtọ̀. Mi ò mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń wọ̀n.

Ọ̀mọ̀wé Fátókun ní kí n má kọ ìtàn sínú iṣẹ́,
iye ni kí n kọ, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.
Mo kọ iye.

Lálẹ́ Sátidé mo gbé irin náà dé Ìlódè.
Kò sẹ́ni tó rán mi.
Bàbá gbé apá lé àga oníbàárà,
ọwọ́ náà gòkè, ó dúró ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ń gbọ̀n.
"Ó ti pé?"
Kí n tó dáhùn, oníbàárà kan wọlé, ó jókòó.
Bàbá mú sísọ́ọ̀sì.
Ibi tí ọwọ́ kò lè yí dé lẹ́yìn etí,
àwọn fúnra wọn ni wọ́n yí lọ síbẹ̀,
ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, yíká àga.

Mo wá ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú ìwé mi.
Wọn ò fa ìlà fún un.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.